Ilé Orí àti Aṣọ Ìpò: Ọ̀ṣọ́ tí a fi Ohun Àlòkù Ṣe

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lára láti máa fojú tínrín ohunkóhun tí a bá fi àlòkù ṣe. Bí wọ́n bá rí àpótí tí a fi páànù agolo kàn, tàbí aṣọ tí a tú fọ́nrán rẹ̀ kí a tó tún un hun, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé àìní ni ó sún ẹni tí ó ṣe é dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àwọn baba ńlá Yorùbá. Méjì nínú àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí ó níyì jù lọ ní ilẹ̀ yìí ni ó jẹ́ pé ohun tí ó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn rí ni a fi ṣe wọ́n. Èkíní ni ilé orí, àpótí tí a fi owó ẹyọ bò, tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́nu fi ń tọ́jú orí rẹ̀. Èkejì ni aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí ilẹ̀ Òkun fi ń ṣe òkú àgbà ní ẹ̀yẹ. Èkíní jẹ́ ti ẹni tí ó wà láàyè, èkejì jẹ́ ti ẹni tí ó ti lọ bá àwọn baba rẹ̀. Bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn yàtọ̀: kí ni ó yẹ kí ọrọ̀ ènìyàn dà nígbà tí ó bá kú?

BÍ OWÓ ẸYỌ ṢE DÉ

Apá àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ni ilẹ̀ Òkun wà, kò jìnnà sí ibi tí odò Ọya ti pàdé odò Bẹ́núè. Inú ìkíni àwọn ará ibẹ̀ ni a ti mú orúkọ náà jáde. Àwọn ẹ̀yà tí a kó pọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀wẹ́ tí ó ni ìlú Kábbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ní Ìjùmú ni ìlú Iffe wà. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Kábbà Province ní apá Àríwá ni a kó gbogbo wọn sí. Láti 1967 wọ́n wà nínú ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n sì bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Kogí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Bí ààlà ìjọba ti ń yí padà tó, Yorùbá ni èdè wọn, Yorùbá sì ni ìran wọn.

Kò sí ibi kankan nínú ilẹ̀ yìí tí òkun iyọ̀ ti ń bímọ ẹyọ. Erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni ẹyọ kékeré tí ó funfun ti wá. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ń kó o lọ sí ilẹ̀ wọn; ní ojú omi, wọ́n a máa fi í dí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ lè dúró dáadáa; láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú èyí tí ó tóbi jù ú lọ wá láti agbègbè Zanzibar ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹyọ wá pọ̀ lọ́jà ju bí ó ti yẹ lọ, iye rẹ̀ sì ń wálẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn Yorùbá ń gbà ka owó yìí kò ṣòro. Ogójì ẹyọ ni a ń sin pọ̀ sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń lọ sópin, ọ̀kẹ́ kan kò ju nǹkan bí ṣílè márùn-ún lọ nínú owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹrù tí ó tó gbé lórí ni.

Kì í ṣe ọjà epo àti ti iṣu nìkan ni a fi ẹyọ ná. Òun ni a fi ra ènìyàn pẹ̀lú. Nígbà tí Marion Johnson àti Jan Hogendorn kọ ìwé lórí owó yìí ní 1986, wọ́n so ó mọ́ òwò ẹrú láti orí àkọlé ìwé náà gan-an. Ilẹ̀ Òkun mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń já wọ inú ìletò wọn, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Inú oṣù kìíní ọdún 1897 ni ọwọ́ wọn tó kúrò níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kábbà, tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídà fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn kí a tó yin ẹwà ẹyọ. Nígbà tí ẹyọ bá fi máa dé ọwọ́ ẹni tí yóò fi í ṣe ọ̀ṣọ́, ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, kì í sì í ṣe gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn ni ó mọ́.

ÀPÓTÍ TÍ A FI OWÓ BÒ

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Orí là bá bọ, a bá fòrìṣà sílẹ̀.” Nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́, orí ni ó ń ṣe atọ́nà ẹ̀dá, òun ni ó sì mọ ohun tí ènìyàn yàn wá sáyé. Orí inú yìí ni a ń ṣe àmì rẹ̀ tí a sì ń bọ. Ìròyìn tí ó ṣe kedere lórí rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897. Johnson ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà tò kí ó tó jáde ní 1921.

Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti wí, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń bọ orí, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà nìkan ni. Kórì ni òrìṣà àwọn ọmọdé. Ohun tí a fi ń ṣe àmì orí ni ẹyọ 41 tí a sin pọ̀ bí adé. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò owó ẹyọ yóò rí i pé okùn owó kan pẹ̀lú ẹyọ kan lé ni èyí. Ìbòrí ni a ń pe àmì náà. A kì í gbé e sílẹ̀ ní gbangba. Inú àpótí ńlá kan ni a ń fi í pamọ́ sí, àpótí náà ni a sì ń pè ní ilé orí. Ohun kan náà tí a fi ṣe ìbòrí ni a fi ṣe ọmọrí àpótí, ìrísí wọn sì jọra. Bí agbára olúwarẹ̀ bá ti tó ni ilé orí rẹ̀ yóò ti tóbi tó. Àwọn mìíràn wà tí ẹyọ ara wọn tó ẹgbàáfà, èyíinì ni 12,000.

Oníṣọ̀nà awọ ni ó sábà máa ń ṣe ilé orí. Awọ àti aṣọ ni egungun iṣẹ́ náà. Awọ ni a ń gé tí a sì ń rán pọ̀ kí ó lè dúró gbọnyin. Aṣọ ni a fi ń tẹ́ ẹ. Apá ìsàlẹ̀ rí bí agbọ̀n tàbí àpótí; ti òkè ń ga lọ, ó sì ń rí ṣóńṣó, ó jọ òrùlé ilé, ó tún jọ adé ọba. Lẹ́yìn èyí ni ẹyọ kàn. Wọ́n á dá ihò sí ẹ̀yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí òwú lè gbà á kọjá, wọ́n á tẹ́ ojú rẹ̀ síta, wọ́n á sì máa rán an mọ́ awọ ní ìlà-ìlà, tí ìlà kan yóò fara ti èkejì tí awọ kò fi ní hàn mọ́. Nínú àwọn tí ó kù títí di òní, a rí èyí tí a fi aṣọ òyìnbó aláwọ̀ pupa pààlà sí ara rẹ̀, a sì rí èyí tí a lẹ dígí mọ́. Ẹ wo bí iṣẹ́ kan ti kó ayé jọ: awọ láti ara ẹran ilé, aṣọ àti dígí láti orí àtẹ oníṣòwò etíkun, ẹyọ láti inú Òkun Íńdíà. Bí a bá yọ awọ kúrò, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun èlò rẹ̀ ni a ti ṣe tẹ́lẹ̀ fún ìlò mìíràn.

Owó iṣẹ́ ibẹ̀ yani lẹ́nu. Johnson ní iye ẹyọ tí ó bá wà lára ilé orí ni oníṣọ̀nà yóò gbà fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ilé orí ẹgbàáfà ní láti ní ẹgbàáfà méjì lọ́wọ́: ọ̀kan fún ara àpótí, ọ̀kan fún oníṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24,000, èyíinì ni ọ̀kẹ́ kan àti ẹgbàájì. Kò sí pé oníṣọ̀nà ń díye lé e, kò sí pé oníbàárà ń ná an. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n owó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ìyẹ̀wù, tí ó rí ilé orí lórí ìjókòó rẹ̀, lè ka ẹyọ ara rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí olówó rẹ̀ san. Síbẹ̀ owó tí ó wà níbẹ̀ kò ṣe é ná. A ti sọ ọ́ di ilé. Nínú àròkọ tí Babatunde Lawal gbé jáde ní 1985 lórí orí nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ó fi hàn bí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń fi ìtóbi àti ẹwà gbé orí ga ju gbogbo ẹ̀yà ara yòókù lọ. Ilé orí jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà.

BÍ OLÓWÓ RẸ̀ BÁ KÚ

Níbi tí ìtàn ti dé yìí ni ilé orí ti yàtọ̀ sí àpótí ọ̀ṣọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. A kì í jogún rẹ̀. Johnson ní bí ẹni tí ó ni í bá kú, a ń ba ìbòrí àti ilé rẹ̀ jẹ́, a sì ń ná ẹyọ ara wọn.

Ó tọ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ohun tí ó lẹ́wà jù lọ nínú iyàrá olóògbé, ohun tí ó san owó rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kí ó tó ní in, ni a ń fi ọwọ́ ara ẹni tú. Ìdí rẹ̀ yé ẹni tí ó bá mọ ohun tí orí jẹ́. Bàbá kò lè fi orí rẹ̀ jogún fún ọmọ. Nígbà tí ẹni tí ó yàn án bá ti lọ, ilé orí di ilé tí kò ní onílé. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ẹyọ rẹ̀ nù sínú igbó. Òwú ni a ń gé. Ẹyọ ń padà di owó, ó ń padà sí ọjà, ó ń di iṣu, ó ń di ata, ó ń di ìnáwó òkú. Ó ṣeé ṣe kí ó tún dé ọwọ́ oníṣọ̀nà mìíràn, kí ó sì tún di ara ilé orí ẹlòmíràn. Ẹyọ kan lè bo orí ènìyàn púpọ̀ kí ó tó fọ́. Nítorí náà ni ilé orí fi jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí a yá lọ́wọ́ ọjà. Olówó rẹ̀ gbádùn rẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì dá a padà fún àwùjọ.

AṢỌ ÌPÒ NÍ ILẸ̀ ÒKUN

Bí a bá wá kọjú sí ilẹ̀ Òkun, a óò rí ọ̀nà kejì. Ní Bùnú ni a ti mọ aṣọ ìpò jù lọ. Aṣọ pupa ni, ti àwọn olóyè àti àwọn àgbà ni, ọjọ́ ìsìnkú sì ni ó máa ń jáde. A ń ta á sí ara ilé olóògbé kí ayé lè mọ̀ pé ẹni ńlá ni ó lọ. A tún ń fi í ṣe ẹ̀wù fún egúngún tí ó dúró fún àwọn baba ńlá. Onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Elisha Renne, kọ nípa rẹ̀ ní 1992, ó sì tún kọ ìwé odidi lórí ipò aṣọ nínú ayé àwọn ará Bùnú ní 1995.

Níbo ni pupa inú ìpò ti wá? Kì í ṣe inú aró ìbílẹ̀. Kúbùsù onírun àgùntàn tí àwọn òyìnbó ń kó wá ni, irú èyí tí a ń pè ní kúbùsù ilé ìwòsàn. Awunṣọ yóò ra kúbùsù tí ó pé, yóò tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, yóò sì fi fọ́nrán náà hun aṣọ mìíràn lórí òfì rẹ̀. Ohun tí a hun láti fi bo aláìsàn ní ìlú òyìnbó ni ó di ohun tí a fi ń dá olóyè lọ́lá ní ilẹ̀ Òkun. Ìnáwó rẹ̀ kò kéré, nítorí pé a ra kúbùsù, a tú u, a sì tún hun ún. Ìlọ́po iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di aṣọ ọlọ́lá.

Kì í ṣe Bùnú nìkan ni ó gbọ́n ọgbọ́n yìí. Ludewig Ferdinand Rømer, oníṣòwò ará Denmark kan tí ó gbé ní etíkun Gánà, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó jáde ní 1760 pé Opoku Ware, ọba Asante, ń ra aṣọ ṣẹ́dà aláwọ̀ oríṣiríṣi, àwọn awunṣọ rẹ̀ a sì máa tú u láti fi fọ́nrán rẹ̀ hun aṣọ tiwọn. Ọba tí ó lè ra aṣọ òyìnbó tí ó pé kò fi í bora bí ó ti rí. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òwú ná, kí ó tó sọ ọ́ di aṣọ tí ó bá ojú rẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá ń rò pé tálákà nìkan ní í tú ohun àlòkù, kí ó wo ààfin Asante.

Nísinsìnyí a lè rí ìyàtọ̀ ilé orí àti ìpò. Ikú ni ó ń ba ilé orí jẹ́. Ikú ni ó ń mú ìpò jáde. Ilé orí ń padà di owó nítorí pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìpò ń di ẹ̀wù egúngún nítorí pé ti ìdílé ni. Àwọn àgbà a máa sọ pé, “Bí a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.” Ìpò ni ère aláṣọ tí ilẹ̀ Òkun ń gbé kalẹ̀ fún àwọn òkú rẹ̀. Ní ti ilé orí, èrò tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ohun tí ẹnì kan kó jọ kò gbọdọ̀ dúró gangan lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí àwọn alààyè ń wá oúnjẹ. Ìdáhùn méjèèjì ní ọgbọ́n nínú, àwùjọ kan sì lè gba àwọn méjèèjì pọ̀, bí ó bá mọ èyí tí ó jẹ́ ti ẹnì kan àti èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé.

NÍGBÀ TÍ ẸYỌ KÚ

Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ owó tí kì í ṣe tiwọn. Ní 1904 wọ́n fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má kó ẹyọ wọ̀lú mọ́. Ní 1912 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London tí yóò máa bojú tó owó gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Sísì, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ àti ọ̀nínì tí ó ní ihò láàrin gba ipò ẹyọ lọ́jà. Owó orí kò ṣe é fi ẹyọ san mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí ó ti jẹ́ ọrọ̀ di ohun tí àwọn babaláwo àti àwọn aláṣọ eégún nìkan ń wá.

Àwọn tí ó ń kọ ìtàn owó sọ ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ẹyọ pàdánù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé orí ni a kò sọ tó. Nígbà tí ẹyọ kò jẹ́ owó mọ́, kò sí ìdí mọ́ láti tú ilé orí nígbà tí olówó rẹ̀ bá kú. Kí ni a óò fi ẹyọ rẹ̀ rà? Ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ àti ẹ̀sìn mùsùlùmí ti ń gba ọmọ ilé lọ́wọ́ orí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń kó iṣẹ́ ọnà jọ ń wá ilé orí tí kò bàjẹ́. Odindi rẹ̀ ni ó wá níye lórí, kì í ṣe ẹyọ ara rẹ̀. Báyìí ni ó fi di pé àwọn ilé orí tí ó ṣì pé pérépéré wà lóde òní nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, nínú àpótí onígíláàsì, tí àwọn àlejò ń wò.

Ẹni tí ó bá fi ojú ìtàn wò ó yóò mọ̀ pé pípé wọn yẹn gan-an ni àmì pé nǹkan kan ti já. Bí àṣà bá ṣì wà bí Johnson ti rí i, ilé orí kan kì bá tí pẹ́ ju ẹ̀mí ènìyàn kan lọ. Àwọn tí a ń wò lónìí ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tú, tí ẹyọ wọn kò rí ọ̀nà padà sí ọjà.

PÁÀNÙ ÀTI PÁKÓ ÀPÓTÍ ỌTÍ

Síbẹ̀ ọwọ́ oníṣẹ́ kò dákẹ́. Ní ọ̀rúndún ogún, páànù karosíìnì àti agolo mílíìkì dé gbogbo ìlú Yorùbá, wọ́n sì dé ilẹ̀ Òkun pẹ̀lú. Àwọn tí ń kan páànù ń gé wọn, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fi òjé jó ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe fìtílà, àrọ epo àti àpótí. Àpótí igi tí ọtí jiní bá wọ̀lú ni àwọn káfíńtà ń tú, tí wọ́n sì ń fi pákó rẹ̀ kan àpótí ìjókòó àti àpótí aṣọ. Ìwé ara agolo, pẹ̀lú àwòrán àti lẹ́tà rẹ̀, kì í tètè parẹ́. Nígbà mìíràn oníṣẹ́ a mọ̀ọ́mọ̀ fi í síta kí ó lè jẹ́ ọ̀ṣọ́. Bí ẹyọ ti fi ojú rẹ̀ hàn lára ilé orí ni agolo ń fi orúkọ rẹ̀ hàn lára àpótí. Kò sí ẹni tí ó ń bo ibi tí ohun èlò ti wá mọ́lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó yí padà, ó sì ṣe pàtàkì. Ẹyọ àti fọ́nrán kúbùsù jẹ́ ohun iyebíye kí a tó fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́. Agolo jẹ́ ohun tí a ti jẹ inú rẹ̀ tán. Nínú ìyípadà yìí ni èrò pé àlòkù jẹ́ ti tálákà ti wọlé. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé fi páálí, agolo àti ìgò ṣe àpótí ọ̀ṣọ́ ń ṣe ohun tí ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò pé bí ó bá parí sí pé kí ìdọ̀tí lè dín kù. Ó yẹ kí ó sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ yìí, owó fúnra rẹ̀ ni a ti sọ di àpótí rí, kúbùsù tí kò tíì gbó ni a ti tú láti fi dá àgbà lọ́lá. Kí wọ́n ka ẹyọ ìlà kan nínú àwòrán ilé orí, kí wọ́n sì ṣírò ohun tí yóò náni ní ìlọ́po méjì. Kí wọ́n tú fọ́nrán aṣọ ògbólógbòó kan kí wọ́n lè mọ bí ó ti ń pẹ́ tó. Kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè, ní Iffe, ní Kábbà, ní Bùnú tàbí níbikíbi tí wọ́n bá wà, èwo nínú ẹrù òkú ni a ń pín, èwo ni a ń tú, èwo ni a ń fi sílẹ̀ fún ìdílé, àti nítorí kí ni. Ìdáhùn tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni yóò jẹ́ ìtàn fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.